Ọmọ Ń Jagun Nínú Kọ̀ǹpútà, Ìyá Ń Dúró Lọ́jà

Ní Ẹ̀pẹ́, nínú ìlú Ṣàgámù, ìjà kan wà tó ti fẹ́ di ojoojúmọ́ láàárín ìyá àti ọmọ. Ìyá á pe ọmọ pé kó wá gbé igbá ẹrù. Ọmọ á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tí mo dé pamọ́." Inú á bí ìyá. "Kí lo fẹ́ fi pamọ́? Ṣé owó ni àbí góòlù? Géèmù lásán-làsàn!" Á já fóònù gbà, ó di inú àpò. Ọmọ á bú sẹ́kún bí ẹni tí òkú kú fún.

Ta ló jàre? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kí ìyá tó dájọ́, ó yẹ kó mọ ohun tí ọmọ ń fi pamọ́ yìí, ibi tó ti ṣẹ̀ wá, àwọn tó dá a sílẹ̀, àti ibi tí ewu inú rẹ̀ wà gan-an. Nítorí ewu wà níbẹ̀ o, àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ń wò kọ́ ló wà.

KÌ Í ṢE GBOGBO GÉÈMÙ NI BỌ́Ọ̀LÙ

Géèmù tí gbogbo èèyàn mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ni ti bọ́ọ̀lù. Ọmọ méjì á sanwó, wọ́n á jókòó, wọ́n á gbá a, ó parí. Oríṣi mìíràn wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí Yorùbá yóò bá sọ ọ́ lórúkọ, eré ìrìnkèrindò ló yẹ ẹ́.

Ẹni tó ń ṣe eré yìí á di akọni kan. Á kúrò nílé pẹ̀lú igi lásán lọ́wọ́ àti owó táṣẹ́rẹ́ lápò. Á pàdé ẹranko burúkú lójú ọ̀nà, á bá a jà. Bó bá ṣẹ́gun, agbára rẹ̀ á lé díẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀ náà á lé díẹ̀. Á fi owó tó rí ra idà àti ẹ̀wù irin. Á kó ẹgbẹ́ jọ: ẹni tó lágbára, ẹni tó mọ oògùn, ẹni tó ń wo ọgbẹ́ sàn. Wọ́n á jọ máa rìn títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ ẹbọra tó ń da ayé láàmú. Ó lè gba ogún wákàtí, ó lè gba ọgọ́ta. Kò sí ẹni tó lè parí ẹ̀ lórí ìjókòó kan. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ibi tí òun dé pamọ́.

Ẹni tó bá ti ka Fágúnwà á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Ṣebí ìtàn Àkàrà-ògùn nìyẹn! Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, ọba rán Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Lángbòdó. Kò dá lọ. Kàkó oníkùmọ̀ ekùn bá a lọ, Ìmọ̀dóye ọlọ́gbọ́n bá a lọ, Olóhùn-iyọ̀ tó ń fi orin tu ọkàn lára bá a lọ, Ẹlẹ́gbèdé-ọdẹ tó gbọ́ èdè ẹranko náà kò gbẹ́yìn, pẹ̀lú Ẹ̀fọ́ìyẹ́ tafàtafà àti Àràmàǹdà-Òkùnrin. Kálukú pẹ̀lú ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ará Ẹ̀pẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìlú wọn wà lára àwọn ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá tó kóra jọ di Ṣàgámù ní 1872, kí ogun má baà máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

BÓ ṢE BẸ̀RẸ̀

Inú kọ̀ǹpútà kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1974, ọkùnrin méjì ní Amẹ́ríkà, Gary Gygax àti Dave Arneson, gbé eré kan jáde tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons. Bébà, pẹ́ńsùlù àti dáìsì bíi ti lúdò ni gbogbo irinṣẹ́ ẹ̀. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, dáìsì á sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Bí àlọ́ ni, àfi pé àwọn tó ń gbè é wà nínú ìtàn náà fúnra wọn.

Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà fi rò ó pé ẹ̀rọ lè ṣe iṣẹ́ apàlọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Richard Garriott, ọmọ ilé-ìwé kan ní Texas tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà. Eré tó kọ́kọ́ tà, inú ọ̀rá ló dì í sí, bí ẹni di ẹ̀pà. Nígbà tó di 1981, ó gbé Ultima jáde. Ní ọdún yẹn náà, Andrew Greenberg àti Robert Woodhead, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell, gbé Wizardry jáde.

Wizardry le o. Èèyàn mẹ́fà ló ń wọ inú ihò abẹ́ ilẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá kú síbẹ̀, òkú wọn á wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe eré ní láti kó akọni mìíràn jọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lọ gbé òkú wá. Bí wọ́n bá gbé e dé tẹ́ńpìlì pé kí wọ́n jí i, àwọn àlùfáà á kọ́kọ́ gbowó. Nígbà mìíràn, àdúrà kò ní gbà, òkú á di eérú. Owó lọ, òkú lọ.

ELÉWÉ AFỌ́JÚ

Àmọ́ eré tó yẹ kí gbogbo ọlọ́jà gbọ́ nípa ẹ̀ ni Ultima kẹrin, tó jáde ní 1985. Nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, akọni lè jalè, ó lè pa aláìṣẹ̀, bó bá ṣáà ti ṣẹ́gun níkẹyìn. Garriott wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí irú eré bẹ́ẹ̀ ń kọ́ èèyàn. Ló bá ṣe èyí tí kò sí ọba búburú kankan láti pa nínú ẹ̀. Ohun tí akọni ń wá ni ìwà. Mẹ́jọ ni wọ́n: òótọ́, àánú, ìgboyà, ìdájọ́ òdodo, ìfara-ẹni-rúbọ, iyì, ìwà-bí-Ọlọ́run àti ìrẹ̀lẹ̀.

Nínú ìlú inú eré yìí, àwọn tó ń ta ewé àti egbò tí wọ́n fi ń ṣe oògùn jẹ́ afọ́jú. Akọni á dé ìsọ̀, á sọ iye ewé tó fẹ́, eléwé á sọ iye owó rẹ̀, á wá ní kí oníbàárà fúnra rẹ̀ ka owó sílẹ̀. Kò lè rí i. Bí oníbàárà bá fẹ́, ó lè san kọ́bọ̀ kan péré. Eléwé kò ní pariwo, kò ní lé e, ewé á bọ́ sí i lọ́wọ́ wẹ́rẹ́.

Ọmọ á rò pé òun ti gbọ́n. Kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Òótọ́ rẹ̀ á máa dín kù. Á jagun títí, á lówó, á lágbára, eré náà kò sì ní jẹ́ kó parí, àfi tó bá tún ìwà rẹ̀ ṣe. Bó bá fún alágbe lówó, àánú rẹ̀ á lé. Bó bá fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ, ìfara-ẹni-rúbọ rẹ̀ á lé. Bó bá sá lójú ìjà, ìgboyà rẹ̀ á wálẹ̀.

Ọlọ́jà wo ni kò tíì pàdé irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, tó rò pé nítorí pé ìyá oníṣòwò ń wo ibòmíràn, ọ̀ràn ti bùṣe?

BÉBÀ ÀṢÍRÍ NÍ JAPAN

Láti Amẹ́ríkà ni eré yìí ti dé Japan. Yuji Horii rí i, ó fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ó rí i pé ó le jù fún ọmọdé àti ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà. Ó ṣe èyí tó rọrùn, tí wọ́n ń lò pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n inú ilé. Dragon Quest ló sọ ọ́, ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1986 ló jáde. Akira Toriyama ló ya àwòrán ẹ̀, Koichi Sugiyama ló ṣe orin ẹ̀.

Nígbà yẹn, kò sí ibi tí wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ sí nínú eré náà. Bí ọmọ bá fẹ́ sùn, eré á fún un ní ọ̀rọ̀ àṣírí tí kò ní ìtumọ̀, á dà á kọ sórí bébà. Lọ́jọ́ kejì, á tún un tẹ̀ wọlé kó lè dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Nínú ìkejì, tó jáde ní 1987, ọ̀rọ̀ àṣírí náà lè gùn tó lẹ́tà 52. Bí ọmọ bá ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo kọ, ó tán! Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan wọ omi. Ìgbà tí ìkẹta dé ní 1988 ni wọ́n tó fi bátìrì kékeré sínú ẹ̀ kó lè máa rántí. Lọ́jọ́ tí ìkẹta yìí jáde, àwọn tó rà á lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn ọmọ ilé-ìwé sá kúrò ní kíláàsì láti lọ tò sórí ìlà, àwọn ọlọ́pàá sì ń kó wọn. Ìyá ará Ẹ̀pẹ́ kọ́ ló kọ́kọ́ sunkún géèmù.

Ní ìparí 1987, Hironobu Sakaguchi náà ti gbé Final Fantasy jáde. Nínú ìkeje rẹ̀, tó jáde ní 1997, ọmọbìnrin kan wà tó ń ta òdòdó ní ìgboro, Aerith lorúkọ ẹ̀. Láàárín eré, wọ́n pa á, kò sì jí mọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà ọkùnrin ló ṣì ń sọ títí dòní pé àwọn sunkún lọ́jọ́ náà. Ní 1996 ni Satoshi Tajiri, ẹni tó ń sáré mú kòkòrò kiri nígbà èwe, sọ eré ọmọdé yẹn di Pokémon, èyí tí gbogbo ayé mọ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌN KÒ FI GBILẸ̀ NÍBÍ?

Ọ̀rọ̀ iná ni àkọ́kọ́. Eré tó gba ọgọ́ta wákàtí kò bá ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ mu. Kí ọmọ tó dé ibi tó ti lè fi nǹkan pamọ́, iná á ti lọ, akọni á tún padà sílé lọ mú igi. Ìkejì ni owó. Onísọ́ọ̀bù géèmù ń gbowó lórí àkókò. Ta ló fẹ́ jókòó sí i fún oṣù kan? Bọ́ọ̀lù yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkẹta ni ìwé. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú eré ìrìnkèrindò, òyìnbó ló sì kún inú ẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kàwé á sọnù lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá sì fara balẹ̀ kà á, òyìnbó rẹ̀ á já gaara.

Ìyẹn kò ní kí Áfíríkà má ṣe tirẹ̀. Ní 2016, ní ìlú Yaoundé lórílẹ̀-èdè Cameroon tó bá Nàìjíríà pààlà, àwọn ọ̀dọ́ ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games, tí Madiba Olivier jẹ́ olórí wọn, gbé Aurion jáde. Ìtàn ọmọ ọba kan ni, Enzo, tí wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó gorí ìtẹ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Erine, wá ń rìn kiri ayé láti wá ìrànlọ́wọ́. Agbára àwọn baba ńlá rẹ̀ ló fi ń jà.

Bí Yaoundé bá lè ṣe é, Òkè Lángbòdó kò jìnnà. Wọlé Ṣóyínká ti sọ ìwé Fágúnwà yẹn di òyìnbó láti 1968. Wálé Ògúnyẹmí sọ ọ́ di eré orí ìtàgé, wọ́n sì ṣe é ní FESTAC ní 1977. Ọmọ tó ń gbá géèmù lónìí ní Ẹ̀pẹ́ lè jẹ́ ẹni tí yóò sọ ọ́ di ti kọ̀ǹpútà, bí ẹnì kan bá fi ìwé náà lé e lọ́wọ́.

IBI TÍ EWU WÀ

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń san owó eré àtijọ́. Bí wọ́n bá ti rà á, ó di tiwọn. Ti orí fóònù òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni lẹ́nu ọ̀nà, inú ilé ni wọ́n ti ń gbowó. Genshin Impact, tó wá láti Ṣáínà ní 2020, jẹ́ ọ̀kan lára wọn: ẹni tó bá fẹ́ akọni tó dáa jù á máa tẹ́tẹ́ títí yóò fi bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì lè fi owó gidi ra àǹfààní láti tún un tẹ́. Ní 2018, ìjọba Belgium ti sọ pé irú àpótí oríire tí wọ́n ń fi owó rà nínú àwọn géèmù kan, tẹ́tẹ́ gan-an ni, kò bófin mu.

Nítorí náà, kí ìyá má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà káàdì ATM rẹ̀ wà nínú fóònù tí ọmọ ń lò. Kó fi ọ̀rọ̀ àṣírí ti ibi tí wọ́n ti ń ra nǹkan lórí fóònù pa, kí ọmọ má mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n jọ fẹnu kò sí àkókò: iṣẹ́ ilé-ìwé àti iṣẹ́ ọjà ṣáájú, géèmù lẹ́yìn. Kó sì jókòó ti ọmọ lẹ́ẹ̀kan, kó bi í léèrè: ta lò ń bá jà? Kí ló ṣe ẹ́? Ta ló ń tẹ̀lé ẹ? Ọmọ tó bá lè sọ ìtàn náà láti orí dé ìdí, ohun kan ń wọ orí ẹ̀. Èyí tó bá ń sọ pé owó ló kù kóun fi bọ́ sí i, iná ti ń jó lábẹ́ aṣọ.

Ní ti ẹjọ́ ìyá àti ọmọ, àwọn méjèèjì ló jàre díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni fífi nǹkan pamọ́ ń gbà. Kí ìyá fún ọmọ ní ìṣẹ́jú náà. Bó bá ti pé, kí ọmọ dìde kíá, kó wá gbé igbá. Àkàrà-ògùn pàápàá, nígbà tí wọ́n rán an níṣẹ́, ó jẹ́ ẹ.