Ṣé Ẹja Gbígbẹ Ṣe É Ká? Ọ̀rọ̀ Lórí Àgbà Tó Ń Kọ́ Ṣẹ́ẹ̀sì

Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ayò ni abala ìlera gbé wá lóṣù yìí. Ọpọlọ, oorun àti ìbínú ló wà nídìí rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kan ara.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Túndé Ọnàkọ̀yà, tó kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan ní Ìkòròdú nígbà tó wà lọ́mọdé, jókòó sí gbàgede Times Square ní New York, ó sì ta á fún wákàtí 60. Ìsinmi ráńpẹ́ nìkan ló wà láàárín. Ní tiwa níbí ní Ìlọrin, a ra ọpọ́n kan fún àwọn ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n rí i lórí fọ́ọ̀nù. Èmi tí mo ti lé ní ọdún 45 ni mo wá kó sí i ju gbogbo wọn lọ. Láàárín oṣù méjì, ọmọ mi obìnrin tó wà ní JSS 2 ti ń borí mi bó ṣe wù ú. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí gbogbo àgbà máa ń sọ: ẹja tútù là ń ká, bó bá ti gbẹ, kò ṣe é ká mọ́.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ojúlé 64 ló wà lórí ọpọ́n náà. Ẹni kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ayò 16, tí ọba kan, ayaba kan àti ẹṣin méjì wà lára wọn. Ẹni tí wọ́n bá há ọba rẹ̀ mọ́ ti pàdánù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa bi ara wọn bóyá ó tọ́ kí Mùsùlùmí máa ta á. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Imam Malik, tí àwa níhìn-ín ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀, kò fẹ́ ẹ. Imam Shafi'i kò yìn ín, ṣùgbọ́n kò kà á sí èèwọ̀ bí tẹ́tẹ́ kò bá sí nínú rẹ̀, tí kò sì mú ni gbàgbé ìrun. Bẹ́ẹ̀ náà ni as-Suli, òǹkọ̀wé ààfin Bàgídáàdì ní nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn, jẹ́ ọ̀gá tí wọ́n ń bẹ̀rù nínú ayò yìí. Ẹni tó bá ń wá ìdájọ́, kó lọ bá àáfà rẹ̀. Ohun tí èmi fẹ́ wádìí ni ti ẹja gbígbẹ.

Ará Netherlands kan, Adriaan de Groot, tí òun náà jẹ́ òtaayò, kọ ìwé lórí èrò inú àwọn òta ṣẹ́ẹ̀sì ní 1946. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀gá máa ń ro ìgbésẹ̀ ogún síwájú. Ohun tí de Groot rí ni pé ríro-síwájú àwọn ọ̀gá kò fi bẹ́ẹ̀ jìn ju ti àwọn tó kéré sí wọn lọ. Ojú ni wọ́n fi yàtọ̀: bí wọ́n bá ti bojú wo ọpọ́n, wọ́n ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ní 1973, William Chase àti Herbert Simon ní Amẹ́ríkà fi ọpọ́n tí ayò ti dé àárín lórí rẹ̀ han àwọn ènìyàn fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, wọ́n sì ní kí wọ́n tún un tò láti orí. Ọ̀gá to bíi ọmọ ayò 16 bó ṣe yẹ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ to bíi mẹ́rin. Àmọ́ nígbà tí wọ́n kàn da àwọn ọmọ ayò náà rú sórí ọpọ́n láìní ìtumọ̀, ọ̀gá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn ju ẹni tuntun lọ mọ́. Nítorí náà, kì í ṣe pé orí ọ̀gá ń gba nǹkan ju orí tiwa lọ. Ohun tó ti rí rí ló tún ń rí.

Ẹni tó bá lọ sí ilé-kéwú yóò tètè yé. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ nǹkan sí wàláà fún wa, álífù la rí, báà la rí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ojú ń gba odindi ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àáfà kì í sọ lẹ́tà kí ó tó kàwé. Òta ṣẹ́ẹ̀sì náà ń lọ láti lẹ́tà dé ọ̀rọ̀ ni, kò sì sí ẹni tó dé ibẹ̀ láì pààrà.

Ṣé orí àgbà ṣì lè pààrà kó sì mú un? N kò ní purọ́ fún yín: ọmọdé yára jù wá lọ, pàápàá nínú ayò oníṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta tó wà lórí fọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n ọpọlọ àgbà kì í ṣe ẹja gbígbẹ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá fẹ́ wa takisí dúdú gbọ́dọ̀ mọ òpópónà bíi 25,000 lórí, ó sì máa ń tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó tó mọ̀ ọ́n. Eleanor Maguire àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwòrán ọpọlọ àwọn awakọ̀ wọ̀nyí, wọ́n gbé ìwádìí náà jáde ní 2000. Apá kan níbi tí ọpọlọ ń tọ́jú ìmọ̀ ọ̀nà tóbi ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Ní 2011, wọ́n fi hàn pé ó tóbi sí i lára àwọn tó kọ́ ọ tí wọ́n sì yege. Kò rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí kò yege. Àgbàlagbà ni gbogbo wọn.

Kí ló wá ń dí àgbà lọ́wọ́? Ìtìjú ni, lójú tèmi. Bí ọmọdé bá pàdánù, á ní ẹ jẹ́ ká tún un ta. Àgbà tí wọ́n ń kí ní ìkúnlẹ̀ láti àárọ̀, tí ọmọ ọdún méjìlá wá há ọba rẹ̀ mọ́ lójú àlejò, ara rẹ̀ á gbóná, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dà á rú, tàbí pé ariwo pọ̀. Lẹ́yìn náà á pa ọpọ́n dé kíákíá kí ó má bàa rí àṣìṣe náà mọ́. Ibi àṣìṣe yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Èyí ni ìdí tí ẹnì kan fi lè ta ṣẹ́ẹ̀sì lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá, kí ó má sì kúrò lójú kan. Mo ti rí irú rẹ̀ nídìí ayò ọlọ́pọ́n náà, lábẹ́ igi kan tí n kò ní dárúkọ àdúgbò rẹ̀.

Ti orí fọ́ọ̀nù tún le jù, nítorí pé ó ń fi nọ́ńbà wọn ènìyàn. Arpad Elo ní Amẹ́ríkà ló ṣètò irú ìṣirò yìí, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé sì gbà á wọlé ní 1970. Bí nọ́ńbà náà bá já wálẹ̀, ẹni náà á fẹ́ gbà á padà lójú ẹsẹ̀, á tún ta òmíràn pẹ̀lú ìbínú, á tún pàdánù. Ìwà ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ ni èyí, bí kò tilẹ̀ sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Íṣáì. Aago méjì òru ni mo gbójú sókè. Àsùbáà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, orí sì ń fọ́ mi títí di ọ̀sán. Àìsùn tó pọ̀ kò dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ ni kò dára fún ayò náà: inú oorun ni ohun tí a kọ́ lójúmọ́ ti ń fìdí múlẹ̀ nínú ọpọlọ. Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí márùn-ún lọ́jọ́ Sátidé lọ. Hermann Ebbinghaus ní Jámánì ti fi hàn láti 1885 pé ohun tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ ń pẹ́ lórí ju ohun tí a rọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ.

Mo yọ ayò náà kúrò lórí fọ́ọ̀nù mi. Orí ọpọ́n nìkan ni mo ń ta á báyìí, láàárín Alásàrì sí Mọ̀ǹgàríbà. A máa ń fara balẹ̀ ta á, mo sì ra ìwé kékeré kan tí mo ń kọ gbogbo ìgbésẹ̀ ayò tí mo bá pàdánù sí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbé e fún ọmọ mi, mo ní kí ó fi ibi tí mo ti ń ṣìnà hàn mí. Kí n tó lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn jáde gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, "Bàbá, ẹ kì í wo ẹṣin mi." Mo kà á. Nínú ayò 14, ẹṣin rẹ̀ ti jẹ ayaba mi nínú 9.