Ìdárayá àti Oorun Alẹ́

Oorun, a-dé-má-kanlẹ̀kùn, tí í wọ ààfin ọba gẹ́gẹ́ bí ó ti í wọ ahéré àgbẹ̀, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ní tìmùtìmù àti ẹ̀rọ amúlétutù, tí wọ́n sì ń yí láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì títí àkùkọ yóò fi kọ. Àwọn baba wa tí wọ́n ń fi ọkọ́ kọ ebè láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi rẹlẹ̀ kò dúró de onímọ̀ kankan kí wọ́n tó mọ̀ pé ara tí ó ṣiṣẹ́ ni oorun ń yá. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, nínú ọ́fíìsì, nínú ṣọ́ọ̀bù, àti nínú ọkọ̀ tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ há mọ́ ojú títì, a ní láti mọ̀ọ́mọ̀ wá iṣẹ́ fún ara. Ohun tí a fẹ́ fi yé òǹkàwé ni pé ìdárayá a máa tún oorun ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ ọ́ di ìṣe ni ó ń jẹ èrè rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan nítorí àìsùn àná.

Oorun kì í ṣe bákan náà láti ìgbà tí a bá di ojú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní ọdún 1953 ni Eugene Aserinsky àti ọ̀gá rẹ̀, Nathaniel Kleitman, ní Yunifásítì ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ ẹ́ jáde pé ìgbà kan wà nínú oorun tí ẹyin ojú ń sáré lábẹ́ ìpéǹpéjú, àti pé ẹni tí a bá jí ní àkókò náà yóò sábà sọ pé àlá ni òun ń lá. Oorun ń yípo ni, ìyípo kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú: a ó tòògbé, a ó sun oorun fẹ́ẹ́rẹ́, a ó rì sínú oorun àsùnwọra, kí a tó tún gòkè wá sí oorun àlá. Ẹ wo ẹni tí ó wà nínú oorun àsùnwọra, èyí tí ó pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ òru: èémí rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́, apá rẹ̀ tí a bá gbé sókè yóò tún jábọ́, a lè pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó jẹ́, bí a bá sì jí i tipátipá, yóò máa wò ràn-ràn kí ó tó mọ ibi tí ó wà. Ìgbà yìí ni ara ń tu èròjà ìdàgbàsókè jáde jù lọ, oorun yìí gan-an ni ìdárayá sì máa ń fi díẹ̀ kún.

Bí ọpọlọ ti ń ná agbára láti òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní adenosine ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀, òun ni ó sì ń mú kí ojú máa wúwo bí ilẹ̀ ti ń ṣú. Iṣẹ́ ara a máa fi kún un. (Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ obì ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbọ́: caffeine tí ó wà nínú obì, bí ó ti wà nínú kọfí àti tíì, ni ó ń dí adenosine lọ́nà, kì í sì í tètè kúrò nínú ara.) Bákan náà, ooru inú ara ní láti lọ sílẹ̀ díẹ̀ kí oorun tó kùn wá. Ẹni tí ó bá rìn kíkankíkan, ooru ara rẹ̀ yóò gòkè. Àwọ̀ ara, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò máa tú ooru náà dànù. Nígbà tí ó bá sì ṣe díẹ̀, ara yóò rọ̀, yóò tutù. Ìdí nìyí tí òru oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, nígbà tí ooru ń mú jù lọ nílẹ̀ Yorùbá, fi ń ni ènìyàn lára, tí òru ọyẹ́ sì ń dùn ún sùn.

Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tí ó bá bọ́ sí wa lójú ni ó ń tún aago inú ara, èyí tí ń sọ ìgbà oorun fún wa, ṣe lójoojúmọ́. Ní Èkó, ọjọ́ tí ó gùn jù nínú ọdún kò fi wákàtí kan ju èyí tí ó kúrú jù lọ, nítorí náà ẹni tí ó bá ń rìn ní àfẹ̀mọ́júmọ́ yóò rí ìmọ́lẹ̀ láti Ṣẹ́ẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará wa ní London, níbi tí ọjọ́ kò ti tó wákàtí 8 ní oṣù Ọ̀pẹ, tí ó sì ń ju wákàtí 16 lọ ní oṣù Okúdù. Kí wọ́n má fi ìdárayá wọn há inú gbọ̀ngán ní ìgbà òtútù. Kí wọ́n jáde rìn nígbà tí ojúmọ́ bá mọ́.

Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn àgbàlagbà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 50 sí 76, tí oorun wọn kò já gaara, tí wọn kì í sì í ṣe eré ìdárayá tẹ́lẹ̀. Àwọn tí a ní kí wọ́n máa rìn kíákíá kí wọ́n sì máa ṣeré, ìṣẹ́jú 30 sí 40, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 16, ń tètè sùn ju àwọn tí a kò fún níṣẹ́ lọ, oorun wọn sì gùn sí i. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Northwestern rí irú rẹ̀ lára àwọn àgbà tí àìróorunsùn ti di àrùn fún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16 bákan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ wò, tí wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2013, wọ́n rí i pé eré tí ènìyàn ṣe lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yí oorun alẹ́ òní padà, bẹ́ẹ̀ ni, bí oorun kò bá dára lóru, eré ọjọ́ kejì a máa kúrú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọn kò sùn, ara wọn kò yá láti jáde. Wọn kò jáde, ara kò ṣiṣẹ́. Ara kò ṣiṣẹ́, oorun kò wá. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò jáde ní òwúrọ̀ tí ojú ń ta á gan-an, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú 10 péré; díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìmọ̀ràn ọdún 2020, ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá oníwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ìrìn tí a fi lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí a kò fi lè kọrin, ti tó. Ọ̀rọ̀ tí àwọn kan ń sọ pé eré ìrọ̀lẹ́ ń lé oorun lọ kò dúró mọ́: àwọn onímọ̀ ìlú Zurich kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní ọdún 2019, wọn kò sì rí ìpalára, àfi níbi eré líle tí ó parí nígbà tí kò ju wákàtí kan lọ mọ́ kí a sùn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹni tí ó ń hanrun kíkankíkan tí èémí rẹ̀ sì ń dá dúró lóru, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn ń bá jà, kí ó rí dókítà ná. Ẹ̀yin yòókù, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ máa kọ wákàtí tí ẹ sùn àti èyí tí ẹ jí sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lórí àlámànàkì yín, kí ẹ má sì ṣe dá ìdárayá lẹ́jọ́ kí oṣù Igbe tó parí.