Ẹ má lé ọmọ yín kúrò nídìí páálí: Ìdùnnú òbí ni, ẹ̀kọ́ ọjà sì tún ni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ohun tí a fẹ́ sọ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ tú u, ẹ ju páálí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò pẹ́ rárá, ọmọ yín tí kò tí ì pé ọdún mẹ́rin ti wọ inú páálí náà, ó ti di dẹ́rẹ́bà, òun náà sì tún ni ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ń pariwo pé kí èrò Ọ̀jọ́ta wọlé pẹ̀lú ṣéńjì. Ó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tí ẹ̀yin kò rí, ó tún ń bá ọ̀kan nínú wọn jà. Òbí tó bá rí irú èyí tí kò rẹ́rìn-ín, ó ní láti jẹ́ pé ọjà kò tà lọ́jọ́ náà ni.

Àwọn tó mọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọdé sọ pé láti bíi ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun kan ṣe òmíràn nínú eré. Igi á di ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn, iyanrìn inú agolo mílíìkì á di ìrẹsì, ewé á di owó. Tó bá fi máa tó ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, odidi ìtàn ló ń hun: òun ni ìyá, àbúrò rẹ̀ ni aláìsàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó jẹ́jẹ́ sídìí káńtà lẹ di dókítà láìròtẹ́lẹ̀. Bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń gbòòrò nìyẹn, ẹ kò sì san kọ́bọ̀ kí ẹ tó rí i.

Ìyá tó wo eré ọmọ rẹ̀ dáadáa

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni eléyìí ń wá lójú ìwé okòwò. Ìdáhùn wà nínú ìtàn Ruth Handler, ará Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1945, òun àti Elliot ọkọ rẹ̀, pẹ̀lú Harold Matson, dá iléeṣẹ́ Mattel sílẹ̀ nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí kan ní Los Angeles. Férémù àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Àjẹkù pákó tó bá ṣẹ́ kù ni Elliot fi ń kan àga àti tábìlì kéékèèké fún ilé ọmọláńgidi.

Barbara, ọmọbìnrin wọn, fẹ́ràn láti máa fi ọmọláńgidi tí wọ́n gé lára bébà ṣeré. Ìyá rẹ̀ ṣàkíyèsí pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í fi wọ́n ṣe ọmọ jòjòló, obìnrin tó ti dàgbà ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Wọ́n ń múra fún wọn, wọ́n sì ń fi wọ́n gbé ìgbésí ayé tí àwọn fúnra wọn fẹ́ gbé lọ́la. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ jòjòló ni ọ̀pọ̀ ọmọláńgidi tó wà lọ́jà nígbà náà.

Ruth dábàá pé kí iléeṣẹ́ àwọn ṣe ọmọláńgidi tó jẹ́ àgbàlagbà obìnrin. Ọkọ rẹ̀ àtàwọn ọkùnrin ibẹ̀ kò gbà, wọ́n ní ìyá wo ló máa ra ọmọláńgidi tó lọ́mú fún ọmọ rẹ̀. Lọ́dún 1956 tí wọ́n lọ sí Switzerland, ó rí Lilli, ọmọláńgidi àwọn ará Jámánì tó jọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì rà á wálé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 1959, Barbie jáde ní New York, dọ́là mẹ́ta lowó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra ọjà lọ tà kò kọ́kọ́ kà á sí, àmọ́ èyí tí wọ́n tà lọ́dún àkọ́kọ́ kò dín ní 300,000. Lọ́dún 2023, fíìmù Barbie nìkan pa owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là kárí ayé.

Wúràọlá náà wà ńlẹ̀

Nílẹ̀ Yorùbá, kí Barbie tó dé rárá làwọn agbẹ́gilére ti ń gbẹ́ ọmọláńgidi táwọn ọmọbìnrin ń pọ̀n kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí Taofick Okoya wá ọmọláńgidi aláwọ̀ dúdú tó máa rà fún ọmọbìnrin kan nínú ẹbí rẹ̀, kò rí. Lọ́dún 2007, ó bẹ̀rẹ̀ òwò Queens of Africa. Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara wọn, Nàìjíríà ni wọ́n ti ń tò wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì ń fi aṣọ ìbílẹ̀ wọ̀ wọ́n. Wúràọlá ni Yorùbá inú wọn, Nneka ni Ìgbò, Azeezah ni Hausa. Ní oṣù kìíní, ọdún 2014, ó sọ fún iléeṣẹ́ ìròyìn Reuters pé òun ń tà tó 6,000 sí 9,000 lóṣù.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mú níbẹ̀ nìyí: Okoya sọ pé àwọn tóun kọ́kọ́ ṣe tóbi lára ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àwọn ọmọ kò fẹ́ wọn. Èrò àgbà lọ́tọ̀, ohun tí ọmọ fẹ́ fi ṣeré lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń wò wọ́n nìkan ló lè mọ̀.

Kí lẹ lè ṣe?

A kò ní kí ẹ sọ eré ọmọ yín di òwò o. Ìdùnnú yẹn gan-an ni èrè àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣílẹ̀kùn ní aago méje àárọ̀, tẹ́ ẹ ń tì í ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ mọ̀ pé ọmọ ti máa ń sùn kí ẹ tó délé. Ọjà tí kò tà lónìí lè tà lọ́la, àmọ́ ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta lónìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa jẹ́ ẹ.

Bó bá wà lọ́dọ̀ yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fún un ní igun kan tó jìnnà sí títì, sí jẹnẹrétọ̀ àti sí wáyà iná. Ẹ kó páálí, agolo tí ẹnu rẹ̀ kò mú àti àjákù aṣọ síbẹ̀. Ẹ kó ìṣó, ọ̀rá àti ohun wẹ́wẹ́ tó lè há a lọ́fun kúrò. Bó bá gbé iyanrìn wá tó ní ìrẹsì ni, ẹ bi í pé èló ni, ẹ ná an, kí ẹ sì fi ewé sanwó. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún un pé iyanrìn kì í ṣe ìrẹsì, ó mọ̀. Bí oníbàárà bá dé, ẹ ní ẹ ń bọ̀, kí ẹ sì padà wá lóòótọ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń dúró sílé, ẹ wá ẹni tó máa bá yín ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Àgbà tí kì í sí nílé kò lè mọ ohun tí ọmọdé fi gbọ́n.