Orchestra Baobab: Ẹgbẹ́ Olórin Tó Sọ Orin Kúbà Di Tilé

Orchestra Baobab jẹ́ ẹgbẹ́ olórin ní ìlú Dakar, olú-ìlú Senegal. Ọdún 1970 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti máa ṣeré ní Club Baobab, ilé ìgbafẹ́ tí àwọn lọ́gàá-lọ́gàá inú ìjọba àtàwọn olówó máa ń lọ nígbà náà. Orin Kúbà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹbí kan náà pẹ̀lú èyí tí gbogbo ayé wá ń pè ní salsa.

Orin yìí kì í ṣe àlejò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti ọdún 1933 ni ilé iṣẹ́ His Master's Voice ti ń kó àwọn àwo orin tí wọ́n kọ GV sí lára wọ etíkun ibẹ̀. El Manicero, ti ẹgbẹ́ Don Azpiazú, ni GV kìíní. Kíá ni etí gbà á. Ṣé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Kóńgò, Dahomey àti ilẹ̀ Yorùbá ló kúkú gbé ìlù inú orin yìí dé Kúbà, níbi tí bàtá ṣì ti ń dún fún òrìṣà títí dòní. Igi kéékèèké méjì tí wọ́n ń pè ní clave ló ń darí eré: yóò dún lẹ́ẹ̀mẹta, yóò tún dún lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ohun èlò yòókù á sì máa tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá mọ ohùn agogo inú híláìfù kò ní sọ pé òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ibi tí Baobab ti ta àwọn ẹgbẹ́ mìíràn yọ ni pé wọn ò sín àwo orin jẹ. Laye Mboup, tó jáde láti ìdílé akéwì àti akọrin, ń fi èdè Wolof kọrin. Balla Sidibé àti Rudy Gomis gbé orin Casamance wá láti gúúsù Senegal. Peter Udo, ọmọ Nàìjíríà, ń fun kilarinẹ́ẹ̀tì. Barthélemy Attisso, ọmọ Togo tó wá kàwé òfin ní Dakar, ló kọ́ ara rẹ̀ ní gìtá, ìka rẹ̀ ló sì mú orúkọ ẹgbẹ́ náà yọ. Nínú Utru Horas, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọdún 1982, Gomis rọra fi Kriolu, èdè àdàlù tó ti inú Potogí jáde, kọrin, gìtá wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ lọ láìkánjú.

Àìkánjú yẹn náà ló kó bá wọn. Mbalax, orin onílù sabar tó ń gbóná janjan, tí akọrin Youssou N'Dour gbé lárugẹ, gba àwọn ọ̀dọ́ Dakar lọ́kàn. Nígbà tó máa fi di ọdún 1987, ẹgbẹ́ ti tú ká. Attisso padà sí Lomé ní Togo, ó ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà, ó sì gbé gìtá tì.

Àwọn ará òkèèrè ò gbàgbé wọn. Ilé iṣẹ́ World Circuit ní London tún gbé àwo wọn àtijọ́, Pirates Choice, jáde ní ọdún 2001, àwọn àgbà olórin náà sì kóra jọ. Attisso ní láti tún ọwọ́ rẹ̀ kọ́. Àwo tuntun, Specialist in All Styles, jáde ní 2002, Youssou N'Dour fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tó bójú tó o. Ẹni tí orin rẹ̀ lé wọn kúrò lójú agbo ló tún bá wọn ṣí ilẹ̀kùn.

Ọ̀nà mìíràn ni ẹgbẹ́ Africando gbà kọ orin Kúbà ní tirẹ̀: New York ni àwọn akọrin Senegal lọ bá àwọn onísalsa. Lẹ́yìn tí Pape Seck, ọ̀kan lára àwọn akọrin náà, kú ní 1995, Gnonnas Pedro, ọmọ Benin, dara pọ̀ mọ́ wọn. Orin wọn dán ju ti Baobab lọ, ṣùgbọ́n ti Baobab jinlẹ̀ jù ú.

Nínú àwo Baobab ti ọdún 2017, tí wọ́n fi ṣe ìrántí Ndiouga Dieng, ọ̀kan lára àwọn akọrin wọn, Attisso kò sí níbẹ̀ mọ́. Kora, ohun èlò olókùn àwọn Mandinka, ló wọlé. Attisso kú ní 2021, Sidibé ti ṣáájú rẹ̀ ní 2020, Gomis tẹ̀ lé wọn ní 2022. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ wọn, Pirates Choice ni kó kọ́kọ́ wá.