Ọká, Paramọ́lẹ̀ àti Òjòlá: Ohun tí ó yẹ kí Olùkọ́ Èdè Yorùbá mọ̀ nípa Ejò

Ìfáárà
Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí baba wọn òjòlá sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Nígbà tí a lọ ṣe àbẹ̀wò sí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Mushin, òwe yìí ni ó fi ń kọ́ni. Ọmọ kan nawọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìyàtọ̀ láàrin ọká àti paramọ́lẹ̀?" Olùkọ́ náà fèsì pé, "Ejò ni gbogbo wọn." Èsì yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe ni láti ṣàlàyé bí àwọn ejò wọ̀nyí ṣe ń ṣọdẹ àti bí wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn, kí a lè rí i pé ohun tí òwe náà pè ní ìyà gan-an ni ọ̀nà àtijẹ ejò.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ tọ́ka sí i pé orúkọ ejò máa ń yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì. Nítorí náà, a ó fi orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò ti orúkọ Yorùbá lẹ́yìn.

Ọká àti Paramọ́lẹ̀: Àwọn Ejò tí ń Lúgọ
Ìbátan tímọ́tímọ́ ni àwọn méjèèjì. Inú igbó kìjikìji ni ọká (Bitis gabonica) ń gbé. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ tí ó wọ́ sílẹ̀, ẹni tí ó sún mọ́ ọn lè má rí i. Eyín oró rẹ̀ ni ó gùn jù nínú ti gbogbo ejò ayé; ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 5.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni paramọ́lẹ̀ (Bitis arietans) fẹ́ràn. A lè tú orúkọ rẹ̀ sí "pa ara mọ́ ilẹ̀", ìṣe rẹ̀ sì bá orúkọ náà mu. Kì í lé ẹran kiri. Ojú kan ni yóò wà títí eku tàbí ọ̀pọ̀lọ́ yóò fi wá bá a. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2015 láti orílẹ̀-èdè South Africa fi hàn pé àwọn ajá tí a kọ́ láti máa fi imú wá ejò kò lè gbóòórùn paramọ́lẹ̀ tí ó wà láàyè. Ó pa òórùn mọ́ bí ó ṣe pa ara mọ́.

Bí paramọ́lẹ̀ bá bu eku jẹ, ó sábà máa ń fi í sílẹ̀ kí oró ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò máa yọ ahọ́n tọ ipa rẹ̀ lọ, nítorí ahọ́n ni ejò fi ń kó òórùn wọ ẹnu. Ọká ní tirẹ̀ sábà máa ń di ẹran mú títí yóò fi kú. Ọmọ ni àwọn méjèèjì ń bí, wọn kì í yé ẹyin sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí ọmọ náà ni ó ti ní oró, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì wá oúnjẹ rẹ̀. Ṣé ẹni tí ó lúgọ lè kó ẹgbẹ́ dání? Bí ejò mẹ́ta bá lúgọ sójú kan, eku kan kò lè tó wọn pín.

Òjòlá: Ejò tí ń Fún Ẹran Pa
Òjòlá (Python sebae), tí àwọn mìíràn ń pè ní erè, kò ní oró. Òun ni ejò tí ó gùn jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Etí omi ni ó sábà máa ń dẹ ẹran sí. Yóò fi eyín gbá ẹran mú, yóò sì wé mọ́ ọn. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé àìlèmí ni ó ń pa ẹran náà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2015 lórí boa, tí òun náà ń fún ẹran pa, fi hàn pé ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dá dúró láàrin ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀.

Òwe pè é ní baba, ṣùgbọ́n ìṣe ìyá ni ó yani lẹ́nu. Abo òjòlá máa ń wé mọ́ ẹyin rẹ̀ títí yóò fi pa. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2018 lórí ìbátan rẹ̀ kan ní South Africa fi hàn pé ìyá máa ń dúró ti àwọn ọmọ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹyin bá pa. Lẹ́yìn ìyẹn, kálukú a gba ọ̀nà tirẹ̀.

Sèbé àti Ejò Àárín Ìlú
Òwe náà kò dárúkọ sèbé, bẹ́ẹ̀ òun ni ó yẹ kí ará Èkó mọ̀. Sèbé kì í lúgọ. Ńṣe ni ó ń rìn kiri, tí ó ń wọ ihò eku àti abẹ́ pákó. Bí a bá há a mọ́, yóò gbé ọrùn sókè, yóò sì fẹ̀ ẹ́. Èyí tí a mọ̀ sí Naja nigricollis a máa tu oró sí ènìyàn lójú láti ibi tí ó tó mítà méjì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìlú ti lé ejò lọ. Ní Àkókà, létí ọ̀sà ni Yunifásítì Èkó wà, irà sì wà nítòsí rẹ̀. Ní Sùúrùlérè àti Mushin, eku ń rí oúnjẹ nínú gọ́tà àti lórí ààtàn, ibi tí eku bá sì pọ̀ sí ni ejò ń tọ̀ wá. Bí òjò bá kún inú ihò, ejò yóò wá ibi gbígbẹ lọ. Abẹ́ àga kíláàsì lè jẹ́ ibẹ̀.

Bí Ejò bá Bu Akẹ́kọ̀ọ́ Jẹ
Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oró ejò kún àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì. Àjọ náà ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn tí ejò ń pa lọ́dọọdún tó 81,000 sí 138,000. Kí olùkọ́ má ṣe fi okùn di ẹsẹ̀ ọmọ náà pinpin, kí ó má fi abẹ gé ojú ibẹ̀, kí ó má sì fi ẹnu fa oró. Kí ó tu ọmọ náà nínú, kí ó bọ́ bàtà àti òrùka rẹ̀, kí ó fi igi gbé ẹsẹ̀ náà ró kí ó má baà máa mì, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá. Bí sèbé bá tu oró sí i lójú, omi púpọ̀ ni kí a fi ṣàn án.

Kí a má ṣe lé ejò náà láti pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè ṣe àpèjúwe rẹ̀ ṣe ìrànlọ́wọ́ ńlá fún dókítà, nítorí pé oró sèbé àti oró paramọ́lẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kan náà lára. EchiTAb-Plus-ICP, ọ̀kan lára àwọn oògùn apa-oró tí a ń lò ní Nàìjíríà, wà fún oró ejò mẹ́ta pàtó. Bitis arietans àti Naja nigricollis wà lára wọn.

Àgbálọgbábọ̀
A kò sọ pé kí á pa òwe náà tì. Ènìyàn ni òwe ń bá wí, ìṣọ̀kan sì yẹ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ejò tí ó ń dá rìn kò jẹ ìyà. Bí ó ṣe ń jẹun nìyẹn. Ìyà rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí ó bá pàdé ènìyàn tí ó mú igi lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn wa fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni pé kí ẹ rán àwọn ọmọ lọ bi àwọn àgbà ilé wọn ní orúkọ ejò tí wọ́n mọ̀ àti ìṣe wọn, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ mìíràn bá tún nawọ́ béèrè, ẹ óò ní ju "ejò ni gbogbo wọn" lọ láti sọ fún un.