Ẹni Tí Agbaṣẹ́ṣe Ń Sanwó Fún Láti Bá Agbaṣẹ́ṣe Wí

Kí ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí láàárọ̀ ní sáìtì ńlá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nǹkan bí aago méje, àwọn bíríkìlà, káfíńtà, wẹ́dà, àwọn tó ń di irin àti àwọn lébìrà á pagbo yí i ká. Àwọn kan ò tíì jẹ búrẹ́dì ọwọ́ wọn tán, àwọn kan ṣì ń nu oorun kúrò lójú. Ẹni tó dúró láàárín wọn dé àkẹtẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè tó ń tàn yòò, ó sì mú ìwé kan dání tí gbogbo wọn máa fọwọ́ sí. Nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, òṣìṣẹ́ ìlera, ààbò àti àyíká ni wọ́n pè é. Lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́, Séfítì ni. Ìpàdé náà ń jẹ́ toolbox, kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ Séfítì ni kó máa pariwo pé kí wọ́n dé àkẹtẹ̀, kí wọ́n so bẹ́líìtì mọ́ra kí wọ́n tó gòkè. Apá yẹn yé tọmọdé tàgbà, torí pé bí ẹnì kan bá jábọ́, ojú gbogbo wọn ló ṣe. Apá kejì iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó kan ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́, kì í pa èèyàn lójú ẹsẹ̀. Díísù tó dà sílẹ̀ lónìí lè pẹ́ kó tó dé inú kànga aládùúgbò. Eruku tí lébìrà fà símú nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún lè fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ títí á fi tó ogójì. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún iṣẹ́ bá ti ń sún mọ́lé, apá kejì yìí ni wọ́n á kọ́kọ́ gbójú fò.

Koko la lè sọ pé ọ̀rọ̀ apá kejì yìí ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa, ìlú etí omi ní ilẹ̀ Ìtsẹ́kírì, ní ìpínlẹ̀ Bendel ayé ìgbà náà, tó ti di Delta báyìí. Láàárín 1987 sí 1988, ọkọ̀ òkun já ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí olóró láti Ítálì síbẹ̀. Àgbàlá bàbá kan ni wọ́n tò ó sí, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là ni wọ́n sì ń fún un lóṣù fún háyà ilẹ̀ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló tú àṣírí fún àwọn ìwé ìròyìn nílé. Ariwo ta, ìjọba ológun Babangida fárígá, Ítálì sì kó ẹrù rẹ̀ padà nínú ọkọ̀ Karin B àti Deep Sea Carrier. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé àwọn kan lára àwọn òṣìṣẹ́ tó palẹ̀ ìdọ̀tí ọ̀hún mọ́ dèrò ilé ìwòsàn, kẹ́míkà ti jó wọn lára. Àwọn òfin tó tẹ̀ lé e là ń rántí jù nínú ìtàn Koko. Èmi ò lè gbàgbé àwọn tó fọwọ́ gbé dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí náà.

Kí 1988 tó parí, ìjọba ti ṣe òfin méjì: ọ̀kan sọ kíkó ìdọ̀tí olóró wọ̀lú di ọ̀ràn ńlá, èkejì dá FEPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, sílẹ̀. Òfin EIA dé ní 1992, pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iṣẹ́ náà yóò ba àyíká jẹ́, kí wọ́n sì gbé àbọ̀ àyẹ̀wò náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ mọ́kànlélógún kí ará ìlú lè kà á. Òfin tó dá àjọ NESREA sílẹ̀ rọ́pò ti FEPA ní 2007. Ní 2011, NESREA gbé ìlànà jáde fún iṣẹ́ ìkọ́lé nìkan, tó kan kíkọ́ àti wíwó. Ní Èkó, LASEPA, àjọ àyíká ti ìpínlẹ̀ náà, tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òfin ò wọ́n wa. Gbogbo ìlérí inú ìwé wọ̀nyí, pé ibi báyìí la máa da omi sí, ibi báyìí la máa kó ọ́ìlì sí, ọrùn Séfítì ló ń já lé ní sáìtì.

Ìwé kì í sì í fọ ọkọ̀ kọnkéré, dírẹ́bà ló ń fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tó bá ti da ẹrù rẹ̀ tán, ó gbọ́dọ̀ fi omi ṣan inú ìlù ńlá ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kọnkéré á gan mọ́ ọn. Omi tó ń jáde níbẹ̀ dà bí omi ògì, àwọ̀ rẹ̀ kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Àmọ́ lórí òṣùwọ̀n pH, tó lọ láti 0 dé 14, omi mímu wà ní àyíká 7, omi sìmẹ́ńtì sì wà láàárín 12 sí 13. Bó bá ti kọjá 9 dáadáa, ara ẹja ò gbà á mọ́. Omi yìí kan náà ló ń bó ẹsẹ̀ lébìrà tí bàtà rẹ̀ ń jò. Kì í tani lójú ẹsẹ̀. Alẹ́ ni ẹlòmíì máa tó mọ̀, nígbà tó bá délé tó bọ́ bàtà.

Ìtọ́jú rẹ̀ ò le. Kí wọ́n gbẹ́ kòtò, kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sí i, kí gbogbo ọkọ̀ máa ṣan ìlù síbẹ̀. Oòrùn á fa omi rẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù á gan, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á fi kún ilẹ̀ níbòmíì. Àkókò ló wọ́n. Bí kòtò bá wà ní ìpẹ̀kun sáìtì, tó jẹ́ pé iye ìgbà tí dírẹ́bà bá lọ tó bọ̀ ni wọ́n fi ń sanwó fún un, gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa bọ́ sí i lójú. Séfítì tó bá fi ọ̀rọ̀ ẹja bẹ irú dírẹ́bà bẹ́ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò ni. Èyí tó gbọ́n á lọ bá ẹnjiníà pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò náà sí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà jáde.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tún lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ́ìlì ẹńjìnnì àlòkù, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ìdọ̀tí ni lójú Séfítì, ọjà sì ni lójú mẹkáníìkì. Káfíńtà á rà á láti fi pa ara pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí, kó má baà lẹ̀. Ẹlòmíì á rà á láti fi lé ikán. Gbogbo èyí tí káfíńtà fi kun pákó, bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ ló ń lọ. Bí Séfítì bá kàn pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta kọ́ńdẹ́ẹ̀mù mọ́, á kàn sọ òwò náà di ti alẹ́ ni. Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù kan kalẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀, kí wọ́n máa tà á fún ẹni tó níwèé àṣẹ láti kó o, kí mẹkáníìkì sì mọ èwo ni tirẹ̀ nínú owó náà.

Ti táńkì díísù ńkọ́? Ìlànà ni pé kí wọ́n mọ ògiri kúkúrú yí i ká, kí àyè inú ògiri náà lè gba gbogbo ohun tó wà nínú táńkì, kó tún ku àyè tó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n Èkó là ń sọ yìí. Bí òjò oṣù Kẹfà bá fi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀, inú ògiri á kún fún omi, díísù tó ti ń kán látẹnu páìpù á sì tẹ́ pẹrẹsẹ sójú omi náà, á máa dán bí ẹ̀yìn àgbébọ̀. Ẹnì kan, tó jẹ́ pé ìmọ́tótó ló ní lọ́kàn, á yọ ìdí ògiri náà kí omi lè jáde. Gbogbo rẹ̀ á gba inú gọ́tà lọ. Kò sí òfin tó rú lójú ara rẹ̀, omi òjò ló ní òun dà nù. Irú nǹkan báyìí ló yẹ kí toolbox dá lé lórí nígbà òjò, dípò ìwé kan náà tí wọ́n ti ń kà láti oṣù Kìíní.

Eruku, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè pa òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Yanrìn, gírànáìtì àti kọnkéré ní sílíkà nínú; èyí tó kúnná débi tí ojú ò lè rí i ló ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, tí kì í sì í jáde mọ́. IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé (WHO) tó ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ, ti kà á mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà láti 1997, ó sì ka èéfín díísù mọ́ ọn ní 2012. Aṣọ tí lébìrà fi di imú ò lè dá a dúró. Omi ló ń dá a dúró: kí wọ́n wọ́n ilẹ̀ kí wọ́n tó gbá a, kí omi máa ṣẹ̀ sórí ẹ̀rọ bí wọ́n bá ń gé kọnkéré.

Ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ wà lára ibi tí gbogbo èyí ti kan èèyàn gan-an láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ni ilé ìfọpo Dangote wà, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2023, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ agba epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Àbàtà ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà. Ilé iṣẹ́ ọ̀hún sọ pé mílíọ̀nù 65 mítà oníhà mẹ́ta iyanrìn ni òun fà láti inú òkun kí ilẹ̀ náà tó ga sókè. Èbúté Lẹ́kkí tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní 2023 kò jìnnà síbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ń dìde lọ́tùn-ún lósì. Omi abẹ́ ilẹ̀ ò jìn rárá ní agbègbè yẹn. Ọ̀sà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, òkun wà ní èkejì, àwọn tó ń pẹja níbẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ kí típà kankan tó mọ ọ̀nà. Ohunkóhun tó bá dà sílẹ̀ ní sáìtì kankan ládùúgbò yẹn kò ní rìn jìnnà kó tó di ohun tí ẹlòmíì ń mu.

Ẹni tí wọ́n sọ pé kó dá a dúró máa ń jẹ́ ọ̀dọ́. Ó lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìlú tán, tó gba ìwé ẹ̀rí ISPON, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ààbò tí òfin 2014 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, tàbí ti NEBOSH, àjọ ìdánwò láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá bá fọ́máànù tó tó bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń dá iná sun ọ̀rá, àpò sìmẹ́ńtì àti wáyà kí kọ́pà lè yọ, kò lè nàka sí i. Ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa paná yẹn.” Èsì rẹ̀ náà kì í sì í yàtọ̀: “Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń ṣe é báyìí.” Èyí tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á kúnlẹ̀ síbẹ̀, á tò ó fún bàbá náà pé ìdí tí ikọ́ ò fi kúrò láyà àwọn tó ń sunná rèé, á sì fi ọgbọ́n gba igi iná lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo rí àwọn tí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń jáde lẹ́nu wọn ní toolbox, nígbà tó jẹ́ pé Yorùbá, Ègùn, Hausa àti ti ará Togo ló kún iwájú wọn. Gbogbo wọn á fọwọ́ síwèé. Ìbuwọ́lù yẹn ni wọ́n á sì gbé sílẹ̀ fún olùyẹ̀wò láti fi hàn pé wọ́n ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n kọ́ ẹni tí kò gbọ́.

Àárín ọ̀rọ̀ gan-an ni pé agbaṣẹ́ṣe ló ń san owó oṣù Séfítì, agbaṣẹ́ṣe náà sì ni ó gbọ́dọ̀ bá wí. Lórí ìwé, ó lágbára láti dá iṣẹ́ dúró bó bá rí ewu. Bó bá dá a dúró láago mẹ́wàá, àwọn lébìrà tó ń gbowó ojúmọ́ á máa wò ó bí ẹni tó gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ wọn, ọ̀gá àgbà á sì máa bi í pé ta ló rò pé òun jẹ́. Ní sáìtì tí owó báńkì òkèèrè wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀ díẹ̀. IFC, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó ń yá ilé iṣẹ́ aládàáni lówó, ní ìlànà lórí ìdọ̀tí, omi àti ìlera òṣìṣẹ́, ó sì lè rán ẹni tirẹ̀ wá wò ó. Níbẹ̀, Séfítì máa ń lẹ́nu. Ní sáìtì ilé ìkẹ́rùsí tí ọlọ́jà kan ń fi owó ara rẹ̀ kọ́, ẹnì kan náà ló ń ṣe Séfítì, tó ń ka àpò sìmẹ́ńtì, tó tún ń ra oúnjẹ ọ̀gá.

Ibi tí mo máa kọ́kọ́ wò, bí wọ́n bá fi ìwé iṣẹ́ ìkọ́lé kan hàn mí, ni ìwé iye owó. Bí owó kòtò omi sìmẹ́ńtì, ọpọ́n irin tí ọ́ìlì ń kán sí, omi tí wọ́n ń wọ́n sílẹ̀ àti owó oṣù Séfítì bá ní ìlà tirẹ̀, tó jẹ́ pé onílé ló ń san án lẹ́yìn tó bá ti rí i lójú, agbaṣẹ́ṣe tí kò bá ṣe é kò ní rí owó náà gbà. Bí wọ́n bá po gbogbo rẹ̀ mọ́ ìnáwó kéékèèké, gbogbo kòtò tí kò gbẹ́, èrè rẹ̀ ni.