NỌ́ŃBÀ NAFDAC ÀTI OÚNJẸ TÍ KÒ NÍ NỌ́ŃBÀ

Oúnjẹ ni mo ń tà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Ọdún 1993 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó dá NAFDAC sílẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili di olórí àjọ náà ní 2001 ni tọmọdé tàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà lára ọ̀rá omi kí wọ́n tó fi eyín ya á. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó túmọ̀ sí pé àjọ náà ti mọ ẹni tí ń ṣe nǹkan náà àti ibi tí ó ti ń ṣe é. Ẹ tún máa wo orúkọ àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́, àti ọjọ́ tí oúnjẹ náà yóò bàjẹ́. Bí inú bá run ọmọ, a ó mọ ẹni tí a ó bi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí à ń wọ̀n ní péńtì kò ní nọ́ńbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó para pọ̀ kò gba ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà wọlé mọ́, torí pé wọ́n bá dichlorvos, oògùn apakòkòrò tí ó wà nínú Sniper, nínú rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ní 2016 wọ́n sún òfin náà di 2019. Àwọn yẹn ní ẹni tí ń bá wọn yẹ ẹ̀wà wò. Ta ni ń bá àwa yẹ̀ ẹ́ wò?

Ọ̀nà mìíràn wà láti pa kòkòrò. Àpò onípele mẹ́ta wà tí a ń pè ní PICS: ọ̀rá méjì nínú, àpò kan lóde. Bí a bá so ọ̀kọ̀ọ̀kan pinpin, kòkòrò kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, yóò sì kú láìsí oògùn.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹni tí ń rà máa béèrè ohun tí wọ́n fi tọ́jú ẹ̀wà, kí àwa tí à ń tà sì fẹnu kò lónìí pé a kò ní fi Sniper sí i. Níbi tí kò bá sí nọ́ńbà, orúkọ wa ni àwọn ènìyàn ń rà.